Irin Tí Ó Wà Lẹ́sẹ̀ Ọmọ



Ìyá kan ní Bẹ́nsìn, ní Ìkòròdú, wá bá mi lẹ́yìn ìrun Aláàsárì. Ọ̀kadà gbé ọmọ rẹ̀ ṣubú, eegun ojúgun dá, ó sì lu awọ jáde. Ní ọsibítù, wọ́n ki irin bọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, irin náà sì yọ síta gbangba. Ó ní, "Áfáà, ẹbí ní ká gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá tó ń to eegun. Ẹ̀rù irin yìí ń bà wá."

Mo ní kí ó jókòó ná. Bí a bá fi símẹ́ńtì funfun bo irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ pátá, ta ni yóò mọ̀ bí egbò bá ń ṣọyún lábẹ́ rẹ̀? Ìdí nìyí tí dókítà fi ń ki irin tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú eegun, lókè ibi tó dá àti nísàlẹ̀ rẹ̀, tí yóò sì fi ọ̀pá irin so wọ́n pọ̀ níta. Eegun á dúró gbọin, egbò á wà lójútáyé.

Ní Kurgan, ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ní àwọn ọdún 1950, Dókítà Gavriil Ilizarov fi òrùka irin àti wáyà yí ẹsẹ̀ ká. Ó rí i pé bí a bá gé eegun, tí a sì ń fà á ní mìlímítà 1 lójúmọ́, eegun tuntun á hù dí àlàfo náà. Eegun ń hù, ẹ̀yin ènìyàn! Níhìn-ín, Ọsibítù Igbóbì tó wà lẹ́bàá títì Ìkòròdú ti ń tọ́jú eegun láti 1945, nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ fún àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nínú ogun Hítílà.

Èmi kò bú àwọn tó ń to eegun. Ṣùgbọ́n bí igi tí wọ́n fi di ẹsẹ̀ bá le jù, ẹ̀jẹ̀ kò ní kọjá, ẹsẹ̀ á kú, gígé ló kù. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ wa.

Iṣẹ́ tiyín ni ìmọ́tótó. Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó kan ibẹ̀, ẹ nu ìdí irin bí nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ yín, ẹ má fi àgbo tàbí eérú sí i. Bí ó bá pọ́n, tí ó wú, tí ó ń ṣọyún, tàbí tí irin ń mì, ẹ tètè padà sí ọsibítù. Ọ̀pọ̀ oṣù ni irin ń lò lára. Dókítà ni yóò yọ ọ́, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n tó mú sípánà.

Ó bi mí nípa àlùwàlá. Kí ọmọ fọ ibi tí omi lè kàn, kí ó fi ọwọ́ tútù pa orí aṣọ tí wọ́n fi wé e. Bí omi yóò bá pa á lára, tayámọ́mù wà.

Ṣòkòtò Jímọ̀ ló kù tó ń dùn ún. Mo ní kí télọ̀ tú ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ kan títí dé orúnkún, kí ó fi bọ́tìnì sí i. Ó rẹ́rìn-ín, ó dìde, ó sì gba ọ̀nà ọsibítù lọ.