Àṣírí Tọkọtaya: Ta Ni Í San Gbèsè Rẹ̀?

Eré orí tẹlifíṣàn kan ni mo fẹ́ kí á jọ gbé yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ṣe é parí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó dá lé lórí kò tíì parí nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Sùúrùlérè, Yábàá àti Múṣin. Orúkọ eré náà ni The Americans. Ọjọ́ 30 oṣù kìíní ọdún 2013 ni ó bẹ̀rẹ̀ lórí ìkànnì FX ní Amẹ́ríkà, ó sì parí ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún ọdún 2018. Apá 6 ni ó ní, ìpín 75 ni ó sì wà nínú gbogbo rẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì wò ó, tí kò sì fẹ́ gbọ́ òpin rẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn, kí ó jọ̀wọ́ kọ́kọ́ lọ wò ó kí ó tó padà wá bá mi níbí, nítorí òpin náà gan-an ni mo ń lọ.

Ọdún 1981 ni ìtàn náà bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Ronald Reagan ṣẹ̀ṣẹ̀ di ààrẹ. Philip àti Elizabeth Jennings ń gbé ní Falls Church, lẹ́bàá ìlú Washington. Wọ́n bí ọmọ méjì, Paige àti Henry. Wọ́n ní ilé iṣẹ́ tí ń bá àwọn arìnrìn-àjò ṣètò ìrìnnà wọn. Lójú ayé, wọn kò yàtọ̀ sí tọkọtaya mìíràn ní àdúgbò náà. Ṣùgbọ́n amí ni wọ́n. Ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà ni àwọn méjèèjì; àjọ KGB ni ó so wọ́n pọ̀ nígbà èwe wọn, tí ó fún wọn ní orúkọ àjèjì, tí ó sì rán wọn lọ jókòó sáàárín ọ̀tá. Àṣẹ ọ̀gá ni ó so yìgì wọn, kì í ṣe ìfẹ́. Àwọn ọmọ kò mọ nǹkan kan. Stan Beeman, tí ó kó wá sí òdìkejì òpópónà wọn, òṣìṣẹ́ àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ FBI ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa wá irú wọn kiri.

Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín tí mo bá ro ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ ká ní Múṣin ni KGB rán wọn wá, nínú ilé tí yàrá mẹ́jọ dojú kọ ara wọn, tí gbogbo ayálégbé sì jọ ń lo ilé ìdáná kan. Ọ̀sẹ̀ mélòó ni wọn ìbá lò kí àṣírí tó tú? Obìnrin tí ó mọ iye ẹran tí ó wà nínú ìkòkò ọbẹ̀ rẹ ni yóò kọ́kọ́ béèrè pé, “Ìyá Paige, ẹ kú ilé o. Ta ni bàbá onírun pupa tí ó bá yín wọlé láago méjì òru?” Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rín náà tàn wá jẹ. A lè máa sùn lórí ibùsùn kan náà kí á má mọ ohun tí ẹnì kejì wa ń rò. Ọkọ ń kọ́lé ní Ìkòròdú, ìyàwó kò gbọ́. Ìyàwó kó owó àjọ, ọkọ kò mọ̀. Ẹnì kan ti gba ìwé àṣẹ láti rin ìrìn-àjò sí òkè òkun, ó kù ọ̀sẹ̀ méjì kí ó wọ ọkọ̀ òfuurufú kí ẹnì kejì tó gbọ́. Ẹnì kan jẹ gbèsè lórí fóònù, ó sì yí ojú fóònù náà délẹ̀ nígbàkigbà tí ó bá ń dún.

Èyí ni ó mú kí eré yìí yàtọ̀ sí eré amí mìíràn. Joe Weisberg tí ó dá a sílẹ̀ ti ṣiṣẹ́ rí ní CIA, àjọ amí Amẹ́ríkà, kí ó tó di òǹkọ̀wé eré. Òun àti Joel Fields tí wọ́n jọ darí rẹ̀ kò fi pa mọ́ pé ìtàn ìgbéyàwó ni àwọn ń sọ, pé aṣọ tí àwọn fi wọ̀ ọ́ ni iṣẹ́ amí. Ìbọn dún níbẹ̀, òkú sùn níbẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ọkàn ti máa ń bọ́ lọ́wọ́ ẹni jù ni ìgbà tí àwọn méjèèjì bá jókòó sínú yàrá, tí ọ̀kan ń ro ó bóyá kí òun sọ òtítọ́. Matthew Rhys tí ó ṣe Philip gba àmì ẹ̀yẹ Emmy ní ọdún 2018. Òun àti Keri Russell tí ó ṣe Elizabeth sì di olólùfẹ́ ní ti gidi. Wọ́n bí ọmọkùnrin kan ní ọdún 2016.

Nínú apá karùn-ún, ohun kan ṣẹlẹ̀ tí mi ò lè gbàgbé. Lẹ́yìn nǹkan bí ogún ọdún tí wọ́n ti ń jẹ́ tọkọtaya lórí ìwé irọ́, Philip mú Elizabeth lọ bá àlùfáà ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì kan ní ìkọ̀kọ̀, ó sì so wọ́n pọ̀ pẹ̀lú orúkọ tí ìyá wọn sọ wọ́n. Kò sí aṣọ ẹbí, kò sí àlejò. Ṣùgbọ́n ìgbéyàwó nìyẹn, nítorí pé kò sí irọ́ mọ́ láàrin àwọn méjèèjì. Gbogbo ayé ni wọ́n ń purọ́ fún, àyàfi ara wọn.

Ẹ wá wo Martha, akọ̀wé ní ọ́fíìsì FBI. Philip paradà, ó pe ara rẹ̀ ní Clark, ó fẹ́ Martha níṣu lọ́kà kí ó lè máa rí ìwé àṣírí gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin náà fi gbogbo ọkàn rẹ̀ fẹ́ ẹni tí kò sí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ilẹ̀ Soviet ni wọ́n gbé e lọ kí ọwọ́ ìjọba má bàa tẹ̀ ẹ́, ó ń dá jẹun nínú yàrá, kò gbọ́ èdè ìlú. Ọkùnrin kan náà ni ọkọ obìnrin méjèèjì. Ọ̀kan mọ àṣírí rẹ̀, èkejì ni àṣírí náà pa lára.

Kò dìgbà tí KGB bá kọ́ àwa Yorùbá ní irú ìtàn yìí. Ní Akọ́kà, ní Yábàá níbí, ilé ìgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan wà ní Yunifásítì Èkó tí ń jẹ́ Mọremí. Ìtàn sọ pé àwọn ará Ìgbò kan (kì í ṣe ẹ̀yà Ìgbò ti ìlà-oòrùn o) ń fi ìko àti ẹ̀kan bora bí ará ọ̀run, wọ́n sì ń kó Ilé-Ifẹ̀ lẹ́rú. Mọremí jẹ́ kí wọ́n mú òun lẹ́rú. Ọba wọn fi í ṣe aya, ó sì tú àṣírí ìlú rẹ̀ fún un. Mọremí sá padà sí Ifẹ̀, ó ní kí wọ́n tan ògùṣọ̀ de àwọn agbésùnmọ̀mí náà. Iná ran ìko, ogun parí. Ọdọọdún ni wọ́n ń rántí rẹ̀ nínú ọdún Edì, ní ọdún 2016 sì ni wọ́n gbé ère rẹ̀ tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 42 dìde ní Ilé-Ifẹ̀.

Àwọn ọkùnrin kan máa ń fi ìtàn yìí ṣe ẹ̀rí pé a kì í finú han obìnrin. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé ọba náà bá aya rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni ó pa á; ẹni tí ó rò pé ó jẹ́ aya òun kò sí nínú ìgbéyàwó náà pẹ̀lú rẹ̀ ni. Bí ti Martha ni ọ̀ràn tirẹ̀ rí. Àṣírí tí ẹni méjì jọ pa mọ́ lè so wọ́n pọ̀. Èyí tí ẹnì kan pa mọ́ fún ẹnì kejì ni í fọ́ ilé.

Ṣùgbọ́n ìtàn Mọremí kò parí síbi ogun. Ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ fún odò Èsìnmìrìn kí ó tó lọ. Nígbà tí ó dé, Olúorogbo, ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí, ni odò náà béèrè. Ìyá ni ó lọ ṣe amí, ọmọ ni ó san gbèsè.

Bákan náà ni The Americans parí. Àwọn ọ̀gá ní Moscow ti ní kí wọ́n sọ Paige di amí. Bàbá rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀, ìyá rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ níṣẹ́. Nígbà tí àṣírí tú, tọkọtaya náà ní láti sá lọ. Wọ́n fi Henry sílẹ̀ sí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, wọ́n pè é lórí fóònù láìsọ fún un pé ìdágbére ni. Paige bá wọn wọ ọkọ̀ ojú irin; nígbà tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n wọ Kánádà, ìyá rẹ̀ wo ìta lójú fèrèsé, ó rí ọmọ rẹ̀ tí ó dúró sí ibùdókọ̀, ọkọ̀ sì ti ń lọ. Ìgbéyàwó náà yè. Àwọn méjèèjì jọ dé Moscow. Wọn kò mú ọmọ kankan dé ibẹ̀.

Ẹ má sọ pé eré lásán ni. Ní oṣù kẹfà ọdún 2010, FBI mú àwọn amí Rọ́ṣíà mẹ́wàá ní Amẹ́ríkà, ìyẹn sì wà lára ohun tí ó bí eré yìí. Andrei Bezrukov àti Elena Vavilova, tí wọ́n ń fi orúkọ ará Kánádà gbé ní Cambridge, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, wà lára wọn. Wọ́n mú wọn lójú ọmọ wọn méjèèjì. Kánádà tí wọ́n ti bí àwọn ọmọ náà kọ̀ wọ́n lọ́mọ. Àbúrò pe ẹjọ́, ó di oṣù kejìlá ọdún 2019 kí ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ níbẹ̀ tó dá a láre. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2024 ẹ̀wẹ̀, wọ́n fi tọkọtaya amí Rọ́ṣíà kan tí wọ́n ń pe ara wọn ní ará Ajẹntínà ní ilẹ̀ Slovenia ṣe pàṣípààrọ̀ ẹlẹ́wọ̀n. Ìjọba Rọ́ṣíà sọ pé ìgbà tí ọkọ̀ òfuurufú gbéra ní Ankara ni àwọn ọmọ wọn tó mọ̀ pé ọmọ Rọ́ṣíà ni àwọn. Èdè Sípáníìṣì ni Ààrẹ Putin fi kí wọn nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, nítorí pé wọn kò gbọ́ èdè bàbá wọn.

Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í dá KGB sílẹ̀ nínú ilé, ṣùgbọ́n a ń sọ ọmọ di amí. Ní oṣù tó kọjá, nínú dáńfó kan tí ó ń ti Ojúẹlẹ́gbà bọ̀ wá sí Yábàá, bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ tí kò lè ju ọmọ ọdún méje lọ jókòó níwájú mi. Bàbá náà tẹ̀ sí i létí: “Tí mọ́mì ẹ bá béèrè ibi tí a lọ, kí lo máa sọ?” Ọmọ náà dáhùn kíá: “A lọ gẹ irun.” Bàbá fún un ní bisikíìtì. Irun sì kún orí ọmọ náà bámúbámú.

A rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ni ọmọ náà gbà. Ó kọ́ pé irọ́ ní owó ọ̀yà. Nílé ẹlòmíràn, ìyá ni yóò fa ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé, “Ta ni dádì ẹ ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù?” Bí onígbèsè bá kan ilẹ̀kùn, ọmọ ni wọn yóò rán pé kí ó lọ sọ pé àwọn kò sí nílé.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú rí ni ẹnu ń sọ. Kò yẹ kí ọmọ ọdún mẹ́fà mọ iye owó ilé tí a jẹ. Ṣùgbọ́n ìpamọ́ yàtọ̀ sí irọ́. Ẹni tí ó sọ fún ọmọ pé, “Ọ̀rọ̀ àgbà ni èyí, a ó sọ fún ọ tí o bá dàgbà,” kò purọ́ fún un. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbélé, ẹ yan ọjọ́ kan lóṣù tí ẹ ó jókòó, tí ẹ ó ti fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ẹ ó sọ gbèsè, àjọ, ilẹ̀ àti ìrìn-àjò fún ara yín. Bí ẹ bá ní ìbéèrè fún ẹnì kejì yín, ẹ bi í fúnra yín, ẹ má rán ọmọ. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Lọ́jọ́ tí ó bá bá a, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ ẹ̀yin àgbà méjì ni ó bá nídìí rẹ̀.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ilé yín kò ní dàrú o.