Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti ń dùn mí lọ́kàn láti ìgbà díẹ̀ wá, n kò sì rí ibi tí mo lè gbé e kalẹ̀ sí bí kò ṣe inú ìwé ẹgbẹ́ wa yìí. Ọ̀rọ̀ náà kò ju ti àmì ohùn lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wí nínú ara rẹ̀ pé, "Wọ́n tún ti dé o, àwọn alámì ohùn," kí ó jọ̀wọ́ gbọ́ mi dé òpin kí ó tó dá mi lẹ́jọ́.

Ní sáà ẹ̀kọ́ kan tí ó kọjá, mo ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ mẹ́rin kan jẹ yọ nínú àwọn ìtàn tí mo ń yẹ̀ wò. Àwọn ọ̀rọ̀ náà ni ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ àti ọ̀kọ̀. Mo fẹ́ ya iye wọn bí ọ̀pá mẹ́rin tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo sì lo Matplotlib, àpótí irinṣẹ́ tí àwọn tí ń fi Python ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà fi ń ya àwòrán ìṣirò. Ọ̀pá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró gán-án. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo orúkọ tí ó wà ní ìdí wọn, àmì ohùn ti ṣí kúrò lórí lẹ́tà tí ó ni ín. Òmíràn fì sí ọ̀tún bí fìlà ọ̀mùtí, òmíràn gún lẹ́tà ńlá lórí wọlé. Mo mú un tọ olùkọ́ mi kan lọ. Wọ́n wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú. Yọ gbogbo àmì yẹn kúrò. Ẹni tí yóò kà á yóò mọ ohun tí o ń wí."

Mo dúpẹ́, mo sì ṣe bí wọ́n ti wí. Nígbà tí ẹ̀rọ tún un yà, ọ̀pá mẹ́rin ni mo rí, orúkọ gbogbo wọn sì ń jẹ́ oko, oko, oko, oko. Ọkọ ìyàwó di oko, ọkọ̀ tí a ń wọ̀ di oko, ọkọ́ tí a fi ń roko di oko, ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń jù pẹ̀lú di oko. Iṣẹ́ tí mo fi odidi oṣù mẹ́ta ṣe di igbó.

Ibẹ̀ ni mo ti pinnu pé n kò tún ní gba irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ mọ́. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí ẹ̀rọ kò bá mọ èdè wa í kọ, ẹ̀rọ ni kí a tún ṣe, kì í ṣe èdè ni kí a gé.

Àwọn kan a máa sọ pé ọ̀rọ̀ tí ó ṣáájú àti èyí tí ó tẹ̀lé e ni yóò fi ìtumọ̀ hàn. Mo gbà bẹ́ẹ̀ bí ó bá jẹ́ nínú ìtàn tàbí nínú lẹ́tà. Ṣùgbọ́n èwo ni ọ̀rọ̀ tí ó ṣáájú nínú àwòrán ìṣirò? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó ń dá dúró ní ìdí ọ̀pá, kò ní ará, kò ní ìyekan. Àmì orí rẹ̀ nìkan ni ẹlẹ́rìí tí ó ní. Bẹ́ẹ̀ ni nígbà ayé táípù, ọ̀pọ̀ akọ̀wé ni ó ń fi gègé fi àmì sí ìwé wọn lẹ́yìn tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tán. Ó ń gba àkókò, ó sì ń roni lápá, síbẹ̀ wọ́n ṣe é. Àwọn tí ó jókòó ní Èkó ní ọdún 1875 láti fi ẹnu kò lórí bí a ó ti máa kọ èdè yìí kò béèrè ohun tí ó rọrùn fún ẹ̀rọ kí wọ́n tó fi àmì sí abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ. Ohun tí etí gbọ́ ni wọ́n wá ọ̀nà àtikọ.

Kí ni ó tilẹ̀ fa àbùkù náà? Unicode ni ìwé tí ó fún lẹ́tà gbogbo ayé ní nọ́ńbà. Ó fún ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ó fún ọ ní tirẹ̀, é àti è tí àwọn Faransé ń lò sì ní tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Nọ́ńbà méjì ni a ń so pọ̀, ti lẹ́tà àti ti àmì. Fọ́ǹtì tí ó dára ní àkọsílẹ̀ ibi tí àmì yóò jókòó sí lórí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. FreeType, irinṣẹ́ tí Matplotlib fi ń ya lẹ́tà, mọ bí a ti ń ya ìrísí lẹ́tà, ṣùgbọ́n kì í ka àkọsílẹ̀ ìjókòó yẹn. HarfBuzz ni ó ń kà á. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Matplotlib kò lo HarfBuzz. Ńṣe ni ó ń to lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń to bíríkì, níbi tí àmì bá sì bọ́ sí, ibẹ̀ náà ni ó wà. Ẹni tí ó bá sì ń wí pé kí a dúró kí Unicode fún ẹ́ ní nọ́ńbà kan, lásán ni ó ń dúró. Unicode ti fi í ṣe ìlànà pé òun kò ní fi nọ́ńbà tuntun fún lẹ́tà tí a lè fi èyí tí ó ti wà nílẹ̀ kọ.

Mo tún gbọ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń bú àwọn tí ń tún irinṣẹ́ yìí ṣe, pé òyìnbó ni wọ́n, pé wọn kò ka tiwa sí. Èmi kò bá wọn bú. John Hunter, ẹni tí ó dá Matplotlib sílẹ̀ tí ó sì gbé e jáde ní ọdún 2003, ń wá ọ̀nà láti wo iṣẹ́ ọpọlọ àwọn tí wárápá ń ṣe. Kò rí irinṣẹ́ tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó ṣe tirẹ̀, ó sì fi fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Ó kú ní ọdún 2012, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn gba iṣẹ́ náà ṣe, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì gba owó kankan lórí rẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò sì rọrùn bí ẹ ti rò. Wọ́n ní àwòrán púpọ̀ ní ìpamọ́ tí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n. Bí ẹnìkan bá yí ohun kékeré kan padà, ẹ̀rọ yóò tún gbogbo àwòrán náà yà, yóò sì fi tuntun wé ti àtijọ́. Bí ìrísí lẹ́tà bá yàtọ̀ díẹ̀, àwòrán tí lẹ́tà wà lára rẹ̀ kò ní bá òṣùwọ̀n mu mọ́. Nítorí èyí ni wọ́n fi di FreeType 2.6.1, tí ó jáde ní ọdún 2015, mú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Síbẹ̀ wọn kò káwọ́ gbera. Ní ọdún 2025 wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ àtiso HarfBuzz mọ́ ọn nípasẹ̀ Libraqm, èyí tí yóò mú kí àmì jókòó sí ibi tí ó yẹ.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wọ bàtà ni ó mọ ibi tí ó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá yóò wo ọkọ̀ tí àmì rẹ̀ fì, kò sì ní rí ohun tí ó burú níbẹ̀. Bí kò bá sí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan nínú àwọn àwòrán òṣùwọ̀n, bí ó bá bàjẹ́ lónìí tí wọ́n tún un ṣe, tí ó sì tún bàjẹ́ lọ́la, ta ni yóò mọ̀? Inú obì ni kòkòrò tí ń jẹ obì ń gbé. Àwa tí a mọ èdè náà ni a dákẹ́, tí a ń yọ àmì kúrò ní kọ̀rọ̀, tí a sì ń ráhùn nínú yàrá.

Kóòdù Matplotlib kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò mọ kóòdù kọ pàápàá lè ṣe ìrànlọ́wọ́. Kí ó kọ ọ̀rọ̀ kan tí ó bàjẹ́, kí ó dárúkọ fọ́ǹtì tí ó lò àti ẹ̀dà Matplotlib tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó fi àwòrán tí ó jáde sí i àti èyí tí ó yẹ kí ó jáde, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí wọn. Mo ti fi ọ̀kọ̀ tèmi ránṣẹ́. Ní ti àwòrán mi, mo gba ọ̀nà XeLaTeX, tí Matplotlib fi àyè sílẹ̀ fún, àmì mi sì jókòó dáadáa. Ó gba sùúrù, ṣùgbọ́n ọ̀pá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní orúkọ tiwọn.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ọ̀wọ̀ yín ni mo fi ń sọ ọ́: ẹ má ṣe sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ pé kí ó yọ àmì kúrò. Ẹ bi í léèrè pé ta ni ó ti fi tó létí. Èmi ti sọ tèmi. Ẹni tí kò bá gbà fún mi, àyè wà fún un nínú ìwé yìí láti fèsì. Ṣùgbọ́n kí ó fi àmì sí i o, kí n má baà ṣì í kà.