Ẹ̀wà Àwọn Ọmọ Wa

Bí a ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún àyájọ́ ilé-ìwé wa, ọ̀rọ̀ ẹ̀wà kò kúrò lọ́kàn wa. Àwọn kan ń da òtapíapía sí i nítorí kòkòrò, a sì ń sè é fún ọmọ. Láti ọdún 2019 ni NAFDAC ti fòfin de títa ìgò kékeré Sniper lọ́jà. Òfin nìkan kò tó.

Kòkòrò ẹ̀wà kì í wá omi mu. Inú oúnjẹ rẹ̀ àti afẹ́fẹ́ tí ó ń mí ni ara rẹ̀ ti ń ṣe omi. Nínú àpò PICS, èyí tí àwọn onímọ̀ Purdue ní Amẹ́ríkà àti àwọn ará Kamẹrúùnù jọ pilẹ̀ rẹ̀, ọ̀rá méjì ni a ń so pinpin lọ́kọ̀ọ̀kan, tí àpò kẹta sì bò wọ́n. Afẹ́fẹ́ á tán, kòkòrò á dẹ́kun jíjẹ, òùngbẹ á sì pa á. Kò sí oró níbẹ̀ rárá!

Àpò náà wọ́n ju oògùn lọ, a gbà. Ṣùgbọ́n bí kò bá lu, a ó tún un lò. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde, ẹ ra díẹ̀ fún ilé ìdáná ilé-ìwé. Kí àwọn ọmọ fúnra wọn dì í, kí wọ́n tú u lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí wọ́n ka òkú kòkòrò. Yunifásítì Bowen wà ní Ìwó níhìn-ín. Ẹ jẹ́ kí a bẹ àwọn olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ibẹ̀ kí wọ́n wá ṣàlàyé.