Orúkọ Tí Ó Yẹ Kúkì Nínú Èdè-Ìperí Kọ̀ǹpútà

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó rí pẹ̀lú ọ̀rọ̀-ìperí: iṣẹ́ tí ohun kan ń ṣe ni ó yẹ kí olùtumọ̀ kọ́kọ́ wò. Èyí kan ohun tí Lou Montulli ti ilé-iṣẹ́ Netscape ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 1994, tí a ń pè ní kúkì. Ẹni tí ó bá wo orúkọ yìí nìkan lè túmọ̀ rẹ̀ sí bisikíìtì. Àṣìṣe gbáà ni.

Sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ó ń fi ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí àwọn tí ó béèrè fún un, kì í dá ẹni tí ó bá a sọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn mọ̀. Nítorí náà, bí ènìyàn bá ti fi ọ̀rọ̀ aṣínà wọlé, sáfà a fún aṣàwákiri rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kúkúrú kan, aṣàwákiri a sì máa fi í hàn ní gbogbo ìgbà tí ó bá padà lọ. Ọ̀rọ̀ kúkúrú yìí ni kúkì.

Ẹnìkan lè dábàá àrokò, nítorí pé ẹni tí ó gbé e kò ní láti mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ni à ń pa àrokò ránṣẹ́ sí. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ó kọ kúkì náà ni kúkì ń padà sí. Tálì tí báńkì ń fún oníbàárà nígbà kan rí ni ó jọ: ẹni tí ó bá mú un wá ni a ń sanwó fún.

Ibẹ̀ ni ewu wà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ ètò tí yóò máa kó ọ̀rọ̀ jọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì lè da kúkì rẹ̀ kọ láti inú aṣàwákiri, kí ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sínú ètò náà. Sáfà a sì gbà pé ẹni àkọ́kọ́ ni ó padà dé. Bí ó bá fún ọ̀rẹ́ ní ètò yìí láìyọ kúkì kúrò, ọ̀rẹ́ náà lè wọlé ní orúkọ rẹ̀ láìmọ ọ̀rọ̀ aṣínà, títí àkókò kúkì náà yóò fi pé. Bisikíìtì kì í sì í ṣe ohun tí ọmọlúàbí ń fi pamọ́ fún ọ̀rẹ́.

Kí kúkì máa wà lẹ́nu àwọn tí ó ti mọ́ lára. Ọ̀rọ̀ àyálò kò burú. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìkọ́ni, àmì-ìdámọ̀ ni ó yẹ. Lóòótọ́, kúkì mìíràn wà tí kò ju èdè tí ènìyàn yàn lọ. Síbẹ̀, èyí tí ó léwu ni ó yẹ kí orúkọ kìlọ̀ nípa rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé àmì-ìdámọ̀ òun ni ó wà nínú ètò kò ní fi í lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.