Kẹ̀kẹ́ ológeere fún tọkọtaya: ẹ má bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láti Mile 12 o!

Ẹ jẹ́ ká mú tọkọtaya kan ní Ìkòsì, irú wọn pọ̀ ládùúgbò Ketu dáadáa. Ọkọ ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì lọ́hùn-ún ní Erékùṣù, aago márùn-ún ìdájí ló ń jáde, nígbà tó bá fi máa wọlé, àwọn ọmọ ti sùn. Ìyàwó ń ta ata àti tòmátì ní Mile 12, ọjà yẹn ò sì mọ Sátidé. Ọdún mẹ́wàá rèé tí wọ́n ti fẹ́ra, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá yọ ọ̀rọ̀ owó iléèwé àti owó iná kúrò, ohun tí wọ́n ń bára wọn sọ ò tó nǹkan mọ́. Ìyẹn ni ọkọ ṣe dá a lábàá pé tóun bá gba líìfù, káwọn méjèèjì wá kẹ̀kẹ́ ológeere, kí wọ́n lọ fi ọjọ́ mẹ́ta gbafẹ́ níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú.

Ìyàwó wò ó títí. “Dádì, ṣé kò sí o? Àwọn ẹgbẹ́ yín ń lọ sí Dubai, ẹ̀yin ní ká lọ máa wa kẹ̀kẹ́. Kí làwọn ará ilé máa sọ?”

Wọ́n á kúkú sọ pé owó ti tán lọ́wọ́ wọn ni. Ìyá ọkọ náà á ní kẹ̀kẹ́ kì í jẹ́ kí obìnrin rọ́mọ bí, ọ̀rọ̀ tí ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣebí àwọn obìnrin ilẹ̀ Netherlands ń fi kẹ̀kẹ́ gbé ọmọ méjì lọ síléèwé, wọ́n sì ń bí ẹ̀kẹta lé e!

Àwọn ará Netherlands yẹn náà, ẹ má rò pé bí wọ́n ṣe bá a nìyẹn. Ní bíi ọdún 1970 sí 1979, mọ́tò ń pa wọ́n lọ́mọ lójú títì, làwọn òbí bá tú síta, wọ́n fẹ̀hónú hàn títí tí ìjọba fi bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà ọ̀tọ̀ fún kẹ̀kẹ́. Tiwa ò tíì rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2022, nìjọba Èkó fòfin de ọ̀kadà ní Kosofe. Òfin náà ò kan kẹ̀kẹ́ ológeere, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ ṣàlàyé ìyẹn fún dánfó tó ń já wọ Ketu? Ọ̀nà BRT kì í ṣe ti oníkẹ̀kẹ́, ibi tó sì ṣẹ́ kù lójú títì Ìkòròdú, àwọn tírélà tó ń kó tòmátì bọ̀ láti Òkè Ọya ló ni ín. Ẹni tó bá ní láti Mile 12 lòun á ti gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi ìgbafẹ́, kó kọ́kọ́ dágbére fáwọn ẹbí ẹ̀.

Ọkọ á ní, Àjàlá ńkọ́? Òótọ́ ni. Lọ́dún 1952, Ọlábísí Àjàlá, Àjàlá Travel tí gbogbo ayé mọ̀, gun kẹ̀kẹ́ láti Chicago dé Los Angeles nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Nǹkan bíi máìlì 2,280 ni, ọjọ́ 28 ló sì fi ṣe é, tòun ti aṣọ Yorùbá lọ́rùn. Ṣùgbọ́n Àjàlá nìkan ló dá lọ. Kò sí ìyàwó lẹ́yìn tó ń pè é pé kó dúró.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ohun tó máa ń dájà sílẹ̀ láàárín tọkọtaya tó bá gun kẹ̀kẹ́ jáde kì í ṣe òkè, kì í ṣe oòrùn. Ẹni tó lágbára á sáré ṣíwájú, á dúró sábẹ́ igi, á mumi, á sinmi. Bí ẹnì kejì bá ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ dé ibẹ̀ báyìí, ó ti gorí kẹ̀kẹ́ ẹ̀ pada: “Ó yá, ká máa lọ!” Ẹni tí kò rẹ̀ ló sinmi, ẹni tó rẹ̀ ò rí ìsinmi kankan. Tó bá fi máa tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ìgbafẹ́ ti dìjà. Nítorí náà ìyàwó ni kó máa wà níwájú, kí ọkọ máa bọ̀ lẹ́yìn, agbára ẹsẹ̀ ìyàwó ni kí wọ́n sì fi wọn ọ̀nà.

Ẹ má tíì sọ ti ibi tí wọ́n ń lọ, ìgbáradì ló ṣáájú. Kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ tó dáa ti tó wọn, kò dìgbà tó bá jẹ́ tuntun. Kí ìyàwó jókòó lé e, kó fi gìgísẹ̀ tẹ pẹ́dà tó wà nísàlẹ̀: tí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá nà tán, ìjókòó náà bá a mu. Ìdájí Sunday, kó tó di àsìkò ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n lọ máa fi kọ́ra nínú Ogudu GRA fún bí oṣù kan àbọ̀, kìlómítà márùn-ún lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà mẹ́wàá, títí yóò fi di 20. Ìdí á dun ìyàwó, kò sí irọ́ níbẹ̀. Òrí díẹ̀ àti ṣòkòtò tí kò nípọn ní ojú rírán ló ń gbà á. Ìró ò ṣe é wọ̀, ṣéènì á fà á ya.

Ibi tó yẹ kí wọ́n lọ ni Àgbádárìgì. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, ọ̀sà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú, igi àgbọn pọ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má gun kẹ̀kẹ́ lójú títì márosẹ̀ débẹ̀ o. Kí wọ́n ṣátà ọkọ̀ láti Ketu, kí wọ́n kó kẹ̀kẹ́ sínú ẹ̀, kí rìsíìtì kẹ̀kẹ́ sì wà lápò, torí ọ̀nà Seme nìyẹn, àwọn aṣọ́bodè pọ̀ níbẹ̀. Kí wọ́n gba òtẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, kí wọ́n máa jáde, kí wọ́n máa padà síbẹ̀; ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ò gbọ́dọ̀ di ẹrù sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Kìlómítà 25 ti tó fún ọjọ́ kan.

Ilẹ̀ tó tẹ́jú náà ní òkè tiẹ̀, atẹ́gùn ni. Láàárọ̀ tára ṣì le, kí wọ́n dojú kọ ibi tó ti ń fẹ́ bọ̀, kó lè máa tì wọ́n lẹ́yìn bọ̀ wálé. Wọ́n á rí ilé alájà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà létí ọ̀sà, èyí tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ ẹ̀ lélẹ̀ lọ́dún 1842, tí wọ́n sì parí ẹ̀ lọ́dún 1845. Tí wọ́n bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Gberefu, níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú lọ sókè òkun, kí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Yanrìn ni gbogbo ibẹ̀, táyà á rì. Ouidah lẹ́yìn ẹnubodè náà dáa, ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, àmọ́ wàhálà ẹnubodè pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ méjì kì í ṣe ti ẹlẹ́ẹ̀kínní.

Oṣù wo wá ni? Òjò ò jẹ́ kí oṣù kẹfà àti ìkeje ṣe é ṣe. Oṣù Kejìlá dáa, ṣùgbọ́n ẹ lọ sọ fún ẹni tó ń ta ata ní Mile 12 pé kó gbafẹ́ lásìkò Kérésì! Oṣù kejì ló kù, oòrùn á mú lóòótọ́, kí wọ́n sì ti máa jáde laago mẹ́fà ààbọ̀. Tiúbù tí wọ́n á fi pààrọ̀ àti pọ́ńpù ni kí wọ́n má gbàgbé, torí fọkanáísà tí wọ́n bá bá pàdé lè má ní tiúbù kẹ̀kẹ́.

Ìyàwó gbà nígbẹ̀yìn. Ìyá ẹ̀ ní Ìkòròdú á bá wọn mú àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n ó ní ohun kan wà tóun ò ní gbà: “Dádì, owó ọkọ̀ tèmi á wà lọ́wọ́ mi lọ́tọ̀. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ti sáré fi mí sílẹ̀, Ketu lẹ máa bá mi.”