Ajá tó ń lé màlúù kiri ò tíì ṣiṣẹ́ kankan

1/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pín fídíò ọmọ ajá tó ń lé màlúù wọgbó, tẹ́ ẹ wá ń kọ "ajá gidi" sábẹ́ ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Ọmọ Ìpàpó ni mí, àárín oko àti màlúù ni mo dàgbà sí. Ìbàjẹ́ lẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ fún yẹn.

2/ Ajá tó mọ iṣẹ́ ẹran kì í tú agbo ká, ńṣe ló ń kó o jọ. Àṣẹ tó ṣe pàtàkì jù fún un kì í ṣe "gbá a mú!" "Dúró" ni. Ajá tí ò lè dúró nígbà tí màlúù ń sá, kò tíì kọ́ nǹkan kan.

3/ Màlúù ní ìwọ̀n ibi tó lè jẹ́ kéèyàn sún mọ́ òun dé. Tẹ́ ẹ bá rọra sún mọ́ ọn láti ẹ̀yìn èjìká, iwájú ló máa lọ. Tẹ́ ẹ bá gba iwájú èjìká yọ sí i, á dúró tàbí kó yí padà. Ibi tó yẹ kí ajá dúró sí ló yẹ kó mọ̀. Gbígbó lásán kọ́ niṣẹ́.

4/ Ẹ wá mú ọmọ ajá oṣù mẹ́rin, ẹ tú u sí abo màlúù tó ní ọmọ lẹ́yìn. Tó bá ta á nípàá ẹ̀ẹ̀kan péré, àgbọ̀n ajá lè fọ́. Màlúù tó lóyún lè ṣẹ́ ẹ. Èyí tí wọ́n ń fún, wàrà ẹ̀ á dínkù. Ṣé wàrà tẹ́ ẹ̀ ń rà lọ́jà, ọ̀run ló ti ń bọ̀ ni?

5/ Ẹnì kan á ní, "Oko mi ni wọ́n jẹ, ẹ jẹ́ kí ajá kọ́ wọn lọ́gbọ́n." Ó dùn mí náà. Ẹ̀gẹ́ tí màlúù jẹ, owó ilé ìwé ọmọ ẹlòmíì ni. Ṣùgbọ́n màlúù tí ajá ń lé kì í wá ọ̀nà tó dáa gbà jáde. Á tẹ ẹ̀gẹ́ tó kù mọ́lẹ̀, á tún wọ oko aládùúgbò. Tí ọ̀kan bá wá dá lẹ́sẹ̀ ńkọ́? Ẹni tí wọ́n jẹ lóko á di ẹni tí wọ́n ń bi lówó màlúù.

6/ Ẹlòmíì á ní ajá òyìnbó nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe. Lóòótọ́, wọ́n ti ń fi ajá àgùntàn figa gbága ní Bala, ní Wales, láti ọdún 1873, ọ̀pọ̀ ìran ni wọ́n sì fi ṣa Border Collie. Mi ò ní ajá ilé wa á ṣe tó o. Àmọ́ "wá" àti "dúró" ò ju agbára ẹ̀ lọ. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, àbí? Ta ló kọ́ èyí tó ń gbọ́?

7/ Látọdún 2019 ni ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ní òfin tó ta ko dída ẹran jẹ̀ kiri. Tá a bá fẹ́ kí màlúù gbé inú ọgbà lóòótọ́, ẹnì kan á máa kó wọn gba ẹnu géètì, á máa kó wọn wá gba abẹ́rẹ́. Iṣẹ́ ọ̀dọ́ tó lájá tó gbọ́ràn wà níbẹ̀. Ajá tẹ́ ẹ ti fi ṣeré bàjẹ́ ò ní í rí i ṣe.

8/ Ẹ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi fún un kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tí àìsàn yẹn bá ti hàn lára èèyàn, ikú ló sábà máa ń já sí. Lẹ́yìn náà, okùn gígùn, orúkọ ẹ̀, "wá," "dúró." Kó kọ́kọ́ rìn yí pẹ́pẹ́yẹ tàbí àgùntàn po. Tó bá ń sún mọ́ ọmọ ọdún kan, kó wá rí màlúù tó ní sùúrù, kẹ́yin náà wà níbẹ̀.

9/ Ẹ pa fídíò yẹn rẹ́. Ẹ gbé ti ajá tó dúró jẹ́ẹ́ nígbà tí màlúù ń kọjá wá. Ìyẹn ni màá bá yín pín.