Hóró Oògùn àti Oúnjẹ fún Ẹni tí Ń Wojú Olúwa fún Ọmọ

Obìnrin tí ń wojú Olúwa fún ọmọ ní Paouignan níhìn-ín kì í wá olùdámọ̀ràn tì. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú lọ́dọ̀ dókítà báyìí, ẹnìkan yóò ti gbé ìgò fitamíìnì wá pé òun ni yóò ṣí ilé ọmọ. Owó tí a ta iṣu lè bá a lọ pátá.

Hóró kan wà tí ó yẹ kí ó máa lò lóòótọ́: àsíìdì fólíìkì, 400 máíkírógíráàmù lójúmọ́. Kì í fúnni lóyún o. Ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ni ó ń dáàbò bò. Kí oyún tó pé oṣù kan ni ibẹ̀ ti ń pa dé, nígbà tí ìyá lè má tíì mọ̀ pé òun lóyún. Nítorí náà ṣáájú oyún ni a ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìwádìí kan tí ó jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1991 fi hàn pé, láàárín àwọn obìnrin tí wọ́n ti bí ọmọ tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ kò pa dé rí, ó fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin dín ewu náà kù. Kí irú wọn sọ fún dókítà, torí ìwọ̀n tiwọn pọ̀ jù èyí lọ.

Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá tó, agbẹ̀bí yóò yẹ̀ ẹ́ wò, yóò sì fúnni ní oògùn ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀wà, ẹ̀pà àti ẹ̀fọ́ kò jìnnà sí wa. Kí a má kàn da omi ẹ̀fọ́ nù. Ṣùgbọ́n kí a má da ìgò pọ̀ mọ́ ìgò: fitamíìnì A tí ó pọ̀ jù lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá. Egbò igi tí a rẹ sínú sódàbì ńkọ́? Nínú Ìwé àwọn Onídàájọ́ 13, kí ìyàwó Mánóà tó lóyún ni áńgẹ́lì ti kìlọ̀ ọtí fún un.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má fo ibí yìí. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí kan tí ó jáde ní 2020 lórí tọkọtaya 2,370 fún àwọn ọkọ ní síńkì àti fólíìkì. Ọmọ tí a bí kò torí rẹ̀ pọ̀ sí i. Àyẹ̀wò ni kí ẹ lọ ṣe, kí ẹ má jẹ́ kí ìyàwó nìkan máa lọ.

Ìjọ kò kọ ìtọ́jú. Èyí tí Róòmù kọ̀ nínú ìwé Donum Vitae ní 1987 ni kí a dá ọmọ sílẹ̀ nínú ìgò lẹ́yìn ara. Ẹni tí ọ̀ràn náà bá ká lára, kí ó wá bá Fàdá sọ̀rọ̀. A kò ní lé e.

Bí ẹ bá sì ń lọ bẹ Ìyá wa ní Arigbo, ní Ìdáàṣà, ní oṣù kẹjọ, ẹ mú hóró yín dání. Kí ti ọjọ́ náà má fò.